Pípa vent yàrá àlejò kì í dín owó gáàsì kù

Ẹ ya ilé àwọn èèyàn wa ní Chicago tàbí Baltimore lásìkò òtútù, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí yàrá àlejò kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, tí wọ́n sì ti pa vent inú rẹ̀, ìyẹn ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà wọ yàrá, dé pátápátá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbé àpótí ẹrù tó ń lọ sí Èkó lé e lórí. Ẹ bi wọ́n, èsì wọn ò yàtọ̀: "Ta ló ń sùn níbẹ̀ tí mo fi máa sanwó ooru?" Ó jọ ọgbọ́n, torí bí a ṣe ń pa gílóòbù yàrá tí ò séèyàn nìyẹn. Àmọ́ furnace, ẹ̀rọ gáàsì tó ń mú ilé gbóná, kì í ṣe gílóòbù.

Nínú àpótí irin tó wà nísàlẹ̀ ilé yẹn, inú irin tó ṣófo ni iná gáàsì ti ń jó. Heat exchanger lorúkọ irin náà. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí kì í kan iná rárá. Ẹ̀yìn irin ló ń gbà kọjá, ibẹ̀ ló ti ń mú ooru, fáànù ńlá tí wọ́n ń pè ní blower ló sì ń tì í lọ sí yàrá gbogbo. Èéfín ní ọ̀nà tirẹ̀ síta. Ipele iná kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ furnace ní. Tí wọ́n bá kọ 80,000 BTU (BTU ni wọ́n fi ń wọn ooru) sí i lára, bó ṣe máa jẹ gáàsì nìyẹn ní gbogbo wákàtí tó bá fi ń jó, ì báà jẹ́ vent mẹ́wàá ló ṣí tàbí mẹ́fà.

Ẹnìkan á ní, tí yàrá bá dín, ṣé ilé ò ní tètè gbóná kí iná tètè kú ni? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri àárín yàrá sí yàrá kì í ní ohun tó ń dènà òtútù nínú bíi ti ògiri ìta, nítorí náà yàrá tútù yẹn á máa fa ooru yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé afẹ́fẹ́ tí ẹ dí lọ́nà á wá ibi tó ń jò ní oríkèé páìpù tó ń gbé e lọ sí yàrá, á gba ibẹ̀ tú sínú àjà. Àwọn onímọ̀ Lawrence Berkeley National Laboratory ní California yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2003, ohun tí wọ́n sì rí ni pé jíjò páìpù ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń pa vent, ó sì ń jẹ èrè tí wọ́n ń retí.

Bí ẹ bá pa vent púpọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀rọ náà. Iná á ràn, á jó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á kú pì, blower á sì máa fẹ́ lọ títí tí afẹ́fẹ́ tútù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, á tún tàn. Ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé thermostat, ohun ara ògiri tí ẹ fi ń yan bí ilé ṣe máa gbóná tó, ti bàjẹ́. Limit switch, ohun ààbò inú furnace, ló pa iná yẹn, torí heat exchanger ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ yọjú wo gíláàsì kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn furnace, ẹ ka iye ìgbà tí iná tíntín inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú, kí ẹ wo ìtumọ̀ rẹ̀ lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí gbogbo vent, kí ẹ sì fa filter tó ń sẹ́ eruku jáde. Mo ti rí èyí tó ti tẹ̀ wọnú bí abọ́, tí eruku ara rẹ̀ nípọn bí irun àgùntàn. Filter onínípọn íǹṣì kan, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù nígbà òtútù, kí ọfà ara rẹ̀ sì kọjú sí furnace. MERV ni nọ́ńbà tó ń sọ bí filter ṣe ń sẹ́ eruku tó. MERV 13 tó wọ́n gógó yẹn lè fún furnace àtijọ́ lọ́rùn. MERV 8 tó fún ọ̀pọ̀ ilé.

Irin tó ń gbóná jù lójoojúmọ́ lè sán. Tó bá sán, carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń pani, lè ráyè bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ilé, kò sì ní òórùn. Òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, inú gáàsì ni wọ́n fi í sí, kò sí nínú carbon monoxide. Ẹ fi alarm carbon monoxide sí ìpele ilé kọ̀ọ̀kan, àti nítòsí ibi tí ẹ ń sùn. Tó bá ké, ẹ kó ọmọ jáde kí ẹ tó pe 911. Heat exchanger àti páìpù gáàsì kì í ṣe iṣẹ́ onílé, oníṣẹ́ ni kó fọwọ́ kàn wọ́n.

Tó bá jẹ́ pé owó ló ń dùn yín, ìwé ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó bá dín thermostat kù ní ìwọ̀n 7 sí 10 Fahrenheit fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ lè rí tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ooru àti ìtutù rẹ̀ yọ lọ́dún. Ẹ tún lè fi mastic, ohun bíi lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí páìpù, dí oríkèé páìpù afẹ́fẹ́ tó ń jò.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, tiyín yàtọ̀. Omi gbígbóná ló ń yí inú radiator yín, valve tó wà lára rẹ̀ sì wà fún kí ẹ lè yí yàrá tí ẹ kì í lò sílẹ̀. Tí ìbátan yín ní Peckham bá fi ìyẹn gbà yín nímọ̀ràn lórí fóònù, òótọ́ ló sọ nípa ilé tirẹ̀, àmọ́ ẹ lọ ṣí vent yín ní Baltimore.