Wọn Kì í Ṣe Ọ̀kan Náà!

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta káàdì géèmù ní Òṣogbo, títí di ìgbà wo ni ẹ ó máa sọ fún wa pé ọ̀kan náà ni Pokémon Diamond àti Pearl, géèmù méjì tí a ti ń kó ẹranko inú ìtàn jọ, pé àwòrán ara páálí nìkan ló yàtọ̀? Lánàá, nítòsí Ọláìyá, mo tún bèèrè Pearl, ọkùnrin náà sì na Diamond sí mi, ó ní, "Àbúrò, ṣé kì í ṣe ẹranko náà lo fẹ́ kó jọ ni?" Inú mi ru bí ọṣẹ!

Ṣé Táíwò di Kẹ́hìndé nítorí pé ọjọ́ kan náà ni ìyá wọn bí wọn? Ṣé a ń rí igún ká pè é ní àkàlà? Láti ọdún 2006 tí géèmù méjèèjì ti jáde fún ẹ̀rọ géèmù alágbèéká Nintendo DS ní Japan, ẹranko tó ń jẹ́ Dialga ni ti Diamond, èyí tó ń jẹ́ Palkia ni ti Pearl. Ẹranko Cranidos kò sí nínú Pearl, ẹranko Shieldon kò sì sí nínú Diamond, àfi kí ẹni méjì tí ó ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ so ẹ̀rọ wọn pọ̀, kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ẹranko.

Ẹ̀rọ méjì wà nílé wa. Diamond ni èmi ní, Diamond kan náà ni wọ́n tà fún àbúrò mi obìnrin ní Ìgbónà. Kí ni kí a wá fi ṣe pàṣípààrọ̀, Dialga fún Dialga? Oṣù mẹ́ta ni ọmọ náà ti ń fi àtàǹpàkò nu ojú ẹ̀rọ rẹ̀, tó ń bi mí pé ìgbà wo ni Palkia ń bọ̀.

Pearl ni mo ní kí ẹ tà fún mi. Pearl!