Ta ló sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ mọ èèyàn kẹ́ ẹ tó rí gíráǹtì gbà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé l'Ágbowó, mo ń dúró kí wọ́n bá mi di ẹ̀dà ìwé tí mo fi ń béèrè gíráǹtì, ìyẹn owó ìwádìí tí wọn kì í gbà padà, tí ọ̀gá mi fẹ́ buwọ́ lù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó lórí bẹ́ńṣì yọjú wo àkọlé ìwé náà, ó ní, "Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Gíráǹtì yẹn, wọ́n ti pín in tán kí wọ́n tó gbé e síta. Bẹ́ ẹ ò bá lẹ́nìkan níbẹ̀, ẹ kàn ń fi dátà ṣòfò ni." Ẹni tó ń di ìwé náà mi orí. Ìyá ẹlẹ́pà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ọ̀rọ̀ gíráǹtì ò kàn rárá, náà mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe másítà ni mo ti ń gbọ́ ọ, ẹnu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àjọ kan tó ń fáwọn olùwádìí lówó lórí ọ̀rọ̀ omi àti àyíká ní kí n wá bá àwọn yẹ ìwé wò. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n rí orúkọ mi lórí iṣẹ́ kan tí mo tẹ̀ jáde, wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́, ó parí. Ìwé mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ṣọwọ́ sí mi, kò sí orúkọ èèyàn tàbí ti yunifásítì lórí ìkankan. Kí n tó ṣí wọn, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí mo bá dá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ̀, màá dá a padà.

Odò Ògùnpa n'Ìbàdàn ni ọ̀kan fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Inú mi dùn, mo ní ọmọ ilé wa rèé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Lágelú. Mo ní kò burú. Ó sọ bí wọ́n ṣe tẹ̀lú dó, ó dórí omíyalé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ó dárò àwọn tó bá a lọ, ó tún dórí ti ọdún 2011. Mo ṣí ojú ewé kẹrin, kò tíì sọ ohun tó fẹ́ wọ̀n. Ṣé gíga omi ni, àbí ìdọ̀tí tó dí ojú odò? Nígbà tó dórí owó, ó kọ jẹnẹrétọ̀, ó kọ mọ́tò, ó kọ owó ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi ò sí níbẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n máàkì tó tọ́ sí i ni mo fún un. Ó ṣeé ṣe kí ẹni yẹn máa sọ ọ́ káàkiri lónìí pé torí òun ò lẹ́nìkan níbẹ̀ ni wọn ò ṣe fún òun. Ó lẹ́nìkan níbẹ̀ o! Ará ìlú rẹ̀ ló ń ka ìwé rẹ̀, tó sì ń gbàdúrà pé kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Àwọn owó ńláńlá pàápàá, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Horizon Europe, owó ìwádìí àjọ EU, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù, tí Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó lè gbà nínú rẹ̀: ó kéré tán, onímọ̀ mẹ́ta tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ló ń ka ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó fikùn lukùn. Máàkì 5 ni fún bí ìmọ̀ inú rẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó, 5 fún àǹfààní tó máa mú wá, 5 fún bí ètò iṣẹ́ náà ṣe gún tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ò bá ti ní 10 nínú 15, ó ti lọ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá kọ̀wé kọjá iye ojú ewé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ, àwọn tó ń kà á ò tiẹ̀ ní í rí èyí tó lé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi máàkì yín ránṣẹ́ pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ẹni tó ti pín owó tán, kí ló ń ṣàlàyé fún yín sí?

Wọ́n á ní àwọn kan náà ló ń gbà á lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ ni. Aránṣọ tó mọ aṣọ rán náà ni wọ́n ń kó aṣọ fún lọ́dọọdún, ẹnìkan ò pè é ní màgòmágó.

Èmi fúnra mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùnà, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dùn mí jù. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á ti ìkànnì tí wọ́n fi ń gba ìwé, agogo Brussels, ibi tí ọ́fíìsì EU wà. Oṣù kẹrin la wà, mo ní agogo wa náà ni, mo gbàgbé pé wọ́n ti fi wákàtí kan sún tiwọn síwájú. Agogo mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo tẹ bọ́tìnì. Ó ti tì. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ọkọ mi rò pé òkú ló sọ.

Èyí tí mo wá rí gbà, lórí èèpo pákí ni. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń kọ ọ́ pé mo fẹ́ gba àyíká là, mo fẹ́ lé òṣì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí kan ṣoṣo ní Mọníyà ni mo mú, mo lọ fi ìwọ̀n wọn èèpo tí wọ́n ń dà nù níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àwọn ILRI, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ẹran ọ̀sìn, tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ti ṣe é rí, tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń di tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran. Mo ní ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn ìyá yẹn lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú oòrùn àti tapólì lásán. Owó tapólì wà níbẹ̀, owó ìwọ̀n wà níbẹ̀, owó mọ́tò ò sí. Inú máíkírà ni mo wà ní Mọ́kọ́lá nígbà tí ímeèlì wọn wọlé. Mi ò ṣí i títí mo fi délé, mo ti rò pé ìjákulẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni.

Ó dáa, mi ò ní í parọ́: àwọn owó kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pín láàárín ara wa níbí tí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ kó gbogbo wọn sínú àpò kan.

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti kọ ọ́, kó jẹ́ kí n rí èsì tí wọ́n fún un. Ó ní òun ò tíì kọ ọ́ rí, pé kí lòun fẹ́ kọ ọ́ fún nígbà tóun ò mọ ẹnìkan níbẹ̀. Wọ́n gbé ìwé mi dé. Mo sanwó, mo jáde.