Áńkáṣíìfù Abẹ́ Orúnkún

Ẹ bá mi kí ọmọkùnrin tó ká áńkáṣíìfù yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo ti ń rò ó, mo sì ti gbà pé bí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà bá jẹ́ irọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yẹn kì í ṣe irọ́.

Ẹ má dibọ́n bí ẹni pé ẹ kò mọ ohun tí mò ń sọ. Òórùn ìbò 2027 ti ń ta sí wa nímú, àwọn olóṣèlú sì ti dé ṣọ́ọ̀ṣì tiyín náà. Tiwa wọlé lẹ́yìn ìwàásù. (Wọn kì í wá ṣáájú ìwàásù. Ta ló mọ ohun tí pásítọ̀ lè ti pèsè sílẹ̀ nípa olè jíjà?) Òun àti èèyàn bí ogójì ni, gbogbo wọn wọ funfun, ọlọ́pàá mẹ́ta sì gbé ìbọn tẹ̀lé wọn, wọ́n ń wo òrùlé bí ẹni pé ibẹ̀ ni ọ̀tá máa gbà wọlé. Pásítọ̀ ní kí olùdíje wa bọ́ síwájú kí ìjọ gbàdúrà fún un. Ó bọ́ síwájú. Ó ká agbádá lé èjìká, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Kí orúnkún tó kan ilẹ̀, ọmọkùnrin kan ti yọ lẹ́yìn rẹ̀ bí òkò, ó fa áńkáṣíìfù funfun kan jáde lápò, ó tú u, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á kí ó tẹ́jú, ó sì parẹ́. Mo ti wo gbogbo fọ́tò tí wọ́n gbé sórí Facebook. Ọmọ náà kò sí nínú ìkankan.

Áńkáṣíìfù kan ni o. Orúnkún méjì. Níbi tí àwọn yòókù ti ń ṣe Àmín, ìṣirò yìí ni èmi ń ṣe. Olùdíje wa kì í ṣe ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kò bá ara wọn pàdé láti ìgbà tó ti wọ ilé ìgbìmọ̀. Orúnkún ọ̀tún ló jókòó sórí áńkáṣíìfù. Òsì wà lórí táìsì lásán, nínú ẹrẹ̀ tí gbogbo wa fẹsẹ̀ gbé wọlé láti òwúrọ̀, bí ọmọ ìyàwó tí baálé kò fẹ́ràn. Pásítọ̀ sì fa àdúrà gùn. Mo ń wo orúnkún òsì. Ó ń gbọ̀n. Mo ní háà, ẹgbẹ́ alátakò rèé: ara kan náà ló ń gbé, ẹrù kan náà ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pín nǹkan, kò kàn án. Nígbà tó yá, mo rí i tó ń yọ́ lọ sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, tó ń wá bí yóò ṣe rí etí áńkáṣíìfù náà fi orí pamọ́ sí. Ìbò kò tíì dé, wọ́n ti ń sá lọ sí ẹgbẹ́ tó ń jẹun!

Ẹ kò tíì gbọ́ ti sítáàṣì rẹ̀. Áńkáṣíìfù náà le débi pé nígbà tí ọmọ yẹn gbọ̀n ọ́n, ó dún pàà! Ìyá arúgbó kan tó ń tòògbé ní ẹ̀gbẹ́ mi jí, ó ní “Halelúyà.” Ilà tí áyọ́ọ̀nù fà sí i lè gé iṣu. Ó hàn pé ẹnì kan dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ó pọn omi sítáàṣì, ó gbé áyọ́ọ̀nù kaná, nítorí kí orúnkún ọ̀gá má baà mọ irú ilẹ̀ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń tẹ̀. Mo kan sáárá sí ẹni náà. Aṣọ ìsìn tèmi kò rí irú àyẹ́sí bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ní ìyàwó.

Àṣà yìí ní ìtàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan lọ sí Redemption Camp lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó kúnlẹ̀ síwájú Pásítọ̀ Enoch Adeboye, olórí ìjọ Redeemed, fọ́tò náà sì dé ibi gbogbo. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, ó wọlé ìbò. Láti ìgbà náà ni orúnkún ti di ohun èlò ìpolongo, bí ìrẹsì àti ankara. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé ní 2015, lẹ́yìn gbogbo ìkúnlẹ̀, Mùsùlùmí ará Daura, Muhammadu Buhari, ló fẹ̀yìn Jonathan balẹ̀, pásítọ̀ ìjọ Redeemed kan náà, Yemi Osinbajo, ló sì fi ṣe igbákejì. Ẹ sì jẹ́ kí n rán wọn létí oṣù Kẹfà ọdún 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ APC dìbò abẹ́lé láti yan olùdíje ààrẹ. Osinbajo, pásítọ̀ àti igbákejì ààrẹ, rí ìbò 235. Pásítọ̀ Tunde Bakare náà jáde. Òdo ni. Òdo gbáko, bí ẹyin. Bọ́lá Tinubu rí 1,271. Àwọn aṣojú tó dìbò lọ́jọ́ náà, ó dá mi lójú pé Kristẹni pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì mọ orin ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀, wọn kò bèèrè orúnkún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àfi àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń kó orúnkún wá bá.

Tinubu wá mú Kashim Shettima, Mùsùlùmí bí tirẹ̀, ṣe igbákejì, ariwo sì ta. Ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni, CAN, ní àwọn kò gbà. Ẹ rántí ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún yẹn ní Abuja, nígbà tí wọ́n fi Shettima han aráyé, tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan sọ̀kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe bíṣọ́ọ̀bù? CAN ní àwọn kò mọ̀ wọ́n. Ẹgbẹ́ ìpolongo ní àlùfáà tòótọ́ ni wọ́n, pé wọn kò kàn tíì lórúkọ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣẹ́ wọn bọ̀. Èmi kò dá ẹjọ́. Aṣọ wọn ni mo wò. Ilà tí wọ́n ká a sí nínú ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀, mẹ́rin lóòró, mẹ́ta níbùú, o lè ta ayò lórí rẹ̀. Mo ti gbàgbé ilà yẹn tipẹ́tipẹ́ kó tó di pé áńkáṣíìfù ọjọ́ Àìkú rán mi létí. Àfi bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n.

Ní tòótọ́, mo yẹ kí n ti sọ pé ẹ̀yìn òpó ni mo ti rí gbogbo èyí, mo na ọrùn bí àgbìgbò. Kì í ṣe ẹ̀yìn òpó ni ìjókòó mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kẹta lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù. Èmi ni mo san owó fáànù náà. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ lẹ́nu mi báyìí. Ọ́ṣà kan, ọmọ tí mo kọ́ ní Òfin Mẹ́wàá ní kíláàsì ọjọ́ ìsinmi, wá fọwọ́ kàn mí léjìká: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún díẹ̀, àlejò ń bọ̀.” Díẹ̀ tó wí, ó gbé mi dé ẹ̀yìn òpó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà tó tóbi ju fìríìjì lọ. Ọlọ́pàá kan ló jókòó sí àyè mi. Ó kọ etí fìlà sí fáànù mi, ó sì sùn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀. Pátákó ìpolongo olùdíje wa wà níwájú ọjà, ó kọ Orin Dáfídì 75 sí i, ẹsẹ kẹfà: ìgbéga kò ti ìlà-oòrùn wá, kò ti ìwọ̀-oòrùn wá, kò ti gúúsù wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òṣèlú Nàìjíríà, ẹ rí i pé onísáàmù kò dárúkọ àríwá. Ẹni tó yan ẹsẹ yẹn fún un mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ká áńkáṣíìfù.

Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n gbé máìkì fún un. Gbólóhùn àkọ́kọ́: “Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, n kò wá polongo o.” Ó sì tọ̀nà, òfin ìdìbò sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ fi ilé ìsìn ṣe ibi ìpolongo. Ọmọlúàbí ni. Ó pa òfin mọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò bá tó, ẹ ti mọ ọmọ yín.” Ìjọ ní, “A mọ̀ ọ́n!” Ó ní òun gbọ́ pé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò. Ó fa àpòòwé jáde. Ìjọ dìde. Ìlù ta. Àwọn ìyá ìjọ ń fi gèlè júwe ọ̀nà fún un láti bẹ́ǹṣì dé Abuja.

Bàbá mi ló ń bójútó ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa lásìkò tí àlùfáà kò lè dé. Orúnkún rẹ̀ dúdú, ó yi bí ìdí ìkòkò, nítorí sìmẹ́ǹtì ló ń kúnlẹ̀ lé láràárọ̀, kò sì sí ẹni tó yà á ní fọ́tò níbẹ̀ rí. Ó jáde du ipò káńsílọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó rò pé ìjọ òun tó òun. Alájì kan ló bá a du ipò náà, Alájì yìí sì ti kan páánù sórí ọjà kí ọ̀rọ̀ ìbò tó délẹ̀. Ìjọ bàbá mi kọrin fún un ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọ́n lọ dìbò fún Alájì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kọjá “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.” Nígbà tó yá, òjò rọ̀ lọ́jọ́ ọjà, ó dúró sábẹ́ páánù Alájì, ẹ̀rín sì pa á. Àwọn èèyàn yìí kan náà, Mùsùlùmí wọn àti Kristẹni wọn, ni wọ́n dìbò fún Awólọ́wọ̀ ní 1979, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kristẹni ni òun àti Philip Umeadi tó fi ṣe igbákejì, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn náà ló dìbò fún Abíọ́lá àti Kingibe ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, Mùsùlùmí méjèèjì. Bàbá mi wà lára wọn. Ilé tí ẹran iléyá àti ìrẹsì Kérésì ti ń gba ojú fèrèsé bá ara wọn pàdé, ta ni ó fẹ́ fi ẹ̀sìn dẹ́rù bà níbẹ̀?

Mo ti ń rẹ́rìn-ín látẹ̀ẹ̀kan. Ó tó. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì mi, ojú kò tì yín? Ojú kò tì wá? Ẹrẹ̀ tó wà lórí táìsì yẹn, níbo ló ti wá? Nítorí pé gọ́tà kò sí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Tí òjò bá ti rọ̀, a ó to búlọ́ọ̀kù, a ó máa fò ó bí ọ̀pọ̀lọ́ pẹ̀lú Bíbélì lábíyá. Màmá akọrin wa ṣubú níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ta ló sì ṣèlérí gọ́tà fún wa kí ìbò 2023 tó dé, níwájú pẹpẹ yìí kan náà, pẹ̀lú máìkì yìí kan náà? Òun ni! Olùdíje wa! Ọkùnrin náà mọ ẹrẹ̀ yẹn dáadáa, ìdí tó fi mú áńkáṣíìfù wá nìyẹn. Ẹni tó lè rántí láti fi sítáàṣì sí áńkáṣíìfù nítorí ẹrẹ̀, kò lè rántí láti gbẹ́ kòtò tí omi máa gbà lọ. Àwa tí a wà níbẹ̀, ó tó ọ̀ọ́dúnrún, kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sókè láti bèèrè. Ẹ bi mí bóyá èmi bèèrè. Sípíkà wà létí mi. Èmi náà ṣe Àmín, mo tilẹ̀ ṣe é sókè.

Nígbà tó dìde, mo rí i. Lórí orúnkún òsì ṣòkòtò funfun náà, ẹrẹ̀ yípo bí owó kọ́bọ̀. Ọlọ́run dárí jì mí, ìyẹn nìkan ni mo dúpẹ́ lé lórí lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó ká áńkáṣíìfù rí i pẹ̀lú. Ojú rẹ̀ ṣú. Ó fa agbádá ọ̀gá rẹ̀ wálẹ̀ kíákíá, ó bò ó.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ́ṣà wa wá sílé mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ti ọjọ́ Àìkú yìí náà ni. Olùdíje ẹgbẹ́ kejì ń bọ̀ wá dúpẹ́. Ẹ bá wa fi bẹ́ǹṣì yẹn sílẹ̀.” Mo wò ó títí. Mo ní, “Ṣé òun náà máa ní ẹni tó ń tẹ́ áńkáṣíìfù fún un?”

Ó ní, “Rárá o, Bàbá. Wọ́n ní tìmùtìmù ni tiẹ̀.”

Mo ní, “Mélòó?”

Ó ní, “Méjì.”