Ta ló ní fíìmù kò lè fi ìjà inú ọkàn hàn?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìforígbárí láàárín olú ẹ̀dá-ìtàn àti ọ̀tá rẹ̀ ni iṣẹ́ fíìmù, àti pé ìwé ìtàn àròsọ nìkan ni ìjà inú ọkàn bá mu. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé òǹkọ̀wé lè ròyìn èrò ẹ̀dá-ìtàn fún wa, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè ya ohun tí ojú kò rí. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí ìtàn bá ń falẹ̀, wọn a ní kí akọ̀tàn fi kún agbára ọ̀tá. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí a mọ̀ pé ọkàn ẹnìkan dàrú, wọn a ní kó sunkún, tàbí kí a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń ka èrò rẹ̀ fún wa.

Òótọ́ ni pé kámẹ́rà kì í ya èrò. Ṣùgbọ́n ó ń ya ohun tí ènìyàn yàn nígbà tí ọ̀nà méjì péré kù, tí àdánù sì wà nínú méjèèjì. Iṣẹ́ ìforígbárí òde ni láti sé àwọn ọ̀nà yòókù.

Ẹ wo High Noon, tí Fred Zinnemann darí ní ọdún 1952. Will Kane ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ó sì ti fi iṣẹ́ agbófinró sílẹ̀, nígbà tí ìròyìn dé pé Frank Miller, ọ̀daràn tí ó ti mú rí, ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán gangan. Ìyìnbọn ìparí ni ọ̀pọ̀ ń rántí, bẹ́ẹ̀ apá kékeré ni nínú fíìmù náà. Ní gbogbo ìyókù, Miller kò tíì dé, síbẹ̀ àyà ń já wa, nítorí pé kò sí ẹni tó di Kane mú. Igbákejì rẹ̀ àtijọ́ tilẹ̀ di gàárì ẹṣin fún un pé kó máa lọ. Amy, ìyàwó rẹ̀, tí ẹ̀sìn Quaker rẹ̀ lòdì sí ìtàjẹ̀sílẹ̀, ti pinnu láti bá ọkọ̀ náà lọ. Nígbà tó gbọ́ ìró ìbọn, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì yìnbọn pa ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn Miller. Lójú mi, ìbọn yẹn ló wúwo jù nínú fíìmù náà, nítorí ẹni tó yìn ín.

On the Waterfront, tí Elia Kazan darí ní ọdún 1954, tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Terry Malloy, òṣìṣẹ́ èbúté, fẹ́ jẹ́wọ́ fún Edie, ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn, pé òun ló tan arákùnrin Edie lọ síbi tí wọ́n ti pa á, fèrè ọkọ̀ ojú omi bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú àwọn méjèèjì ni a ń wò, kò sì sí ohun tí kò yé wa. Èmi kò sọ pé kí ohùn tó ń ka èrò má sí nínú fíìmù rárá. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjà ọkàn Terry kò nílò rẹ̀.

Johnny Friendly, ọ̀gá èbúté tí Terry yóò jẹ́rìí takò, burú, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n òun náà ló ti ń ṣe Terry lóore láti kékeré, abẹ́ rẹ̀ sì ni Charley, ẹ̀gbọ́n Terry, ti ń jẹun. Ẹ fi àjèjì kan tí ìbọn rẹ̀ pọ̀ ju tirẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀: Terry yóò ṣì wà nínú ewu, ṣùgbọ́n ohun tí yóò máa bá ọkàn rẹ̀ jà lé lórí kó tó lọ jẹ́rìí yóò dín kù gan-an.