Ẹ Jẹ́ Kí Ohùn Àwọn Ọmọ Máa Jáde ní Kíláàsì

Kò yẹ kí a ṣì máa bá olùkọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ tí yóò kọ nóòtì kún ojú pátákó, tí àwọn ọmọ yóò sì máa dà á kọ láìfọhùn títí agogo yóò fi lù. Agbègbè yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà lọ́dún 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, tí wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó gbọ́ èdè olùkọ́ rẹ̀ lè béèrè ọ̀rọ̀, ó sì lè jiyàn. Síbẹ̀, àwa tí a ń sọ pé abèèrè kì í ṣìnà ni a tún ń ka ọmọ tí ó bá béèrè ìdí ọ̀rọ̀ sí aláfojúdi.

Èrò wa ni pé kí olùkọ́ dín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kù. Ìwádìí Mary Budd Rowe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lẹ́yìn ìbéèrè. Bí ó bá mú sùúrù fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ a máa gùn, a sì máa nítumọ̀ sí i. Kí ó ní kí ọmọ méjì-méjì kọ́kọ́ jọ rò ó kí wọ́n tó sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì. Kí ó kó wọn lọ sí ìdí Ọ̀pá Ọ̀rányàn nígbà tí oòrùn bá ń ràn: bí òjìji igi mítà 1 bá jẹ́ ìdajì mítà, ọmọ tí ó bá wọn òjìji òkúta náà, tí ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, yóò fúnra rẹ̀ rí i pé gíga òkúta náà tó mítà 5.5, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gùn ún.

Àwọn olùkọ́ yóò sọ pé ọmọ ti pọ̀ jù ní kíláàsì, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni olùkọ́ kan sí ọmọ 35 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìjọba Ọ̀ṣun gba olùkọ́ kún un. Kí àwọn olùbẹ̀wò sì yé fi nóòtì díwọ̀n iṣẹ́ olùkọ́. Kí wọ́n jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí wọ́n ka iye ọmọ tí ó sọ̀rọ̀.