Bọ́ǹbù núkílíà: kí wọ́n tún máa yẹ ilé ara wọn wò

Láti February 5, 2026 ni àdéhùn New START ti kásẹ̀ nílẹ̀, kò sì sí ìwé kankan mọ́ tó de Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà lọ́wọ́ lórí iye bọ́ǹbù núkílíà tí wọ́n lè gbé sórí misáìlì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ àwọn fẹ́ńdọ̀ ní Post Office n'Ilọrin níbí, a ti gbọ́ àríyànjiyàn yín, pé kí Nàìjíríà náà kúkú lọ ṣe tiẹ̀ káwọn òyìnbó lè máa bẹ̀rù wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ nílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí náà sọ ọ́ nígbà tó ń ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè láyé Babangida. Àwa ò fara mọ́ ọn o. Ta la fẹ́ jù ú lù gan-an? Ṣé àwọn ajínigbé inú igbó Ìfẹ́lódùn ni, àbí àwọn tó ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Eruku? Sáúfù Áfíríkà ṣe mẹ́fà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò gba ìjọba apartheid sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ló tú u palẹ̀, ààrẹ wọn, de Klerk, wá jẹ́wọ́ ẹ̀ fáráyé ní 1993.

Ohun tó ń dùn wá nínú New START yìí kì í ṣe 1,550 tí wọ́n fi ṣe gbèdéke fún kálukú wọn. Ṣé 1,550 ò tó pa gbogbo wa ni? Àyẹ̀wò tí wọ́n ń lọ ṣe lọ́dọ̀ ara wọn lábẹ́ àdéhùn náà ló ń dùn wá. Ó lè tó ìgbà 18 lọ́dún tí Amẹ́ríkà á rán èèyàn lọ sí bárékè Rọ́ṣíà, Rọ́ṣíà náà á rán tiẹ̀ lọ, àlejò á yan misáìlì kan, á ní ẹ ṣí orí ẹ̀, onílé á ti fi nǹkan bo àwọn bọ́ǹbù ibẹ̀ kí wọ́n má bàa rí bí wọ́n ṣe rọ ọ́, àlejò á kàn kà á bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìbòrí lórí, ení, èjì, ẹ̀ta, á wò ó bóyá ó bá ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ mu. Àwọn tí ò gba ara wọn gbọ́ rárá ló ń ṣe báyìí fún bí ọdún mẹ́sàn-án! Kòrónà dé ní 2020, wọ́n dá a dúró, wọn ò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ mọ́, nígbà tó di 2023 Putin ní òun ò ṣe mọ́. Sátẹ́láìtì lè rí kòtò misáìlì látòkè, àmọ́ kò lè ka ohun tó wà lórí misáìlì inú ẹ̀, ẹni tí ò bá sì rí inú àká ọ̀tá ẹ̀, ìlọ́po méjì ló máa rò pó wà níbẹ̀, òun náà á wá lọ fi kún tiẹ̀.

Amẹ́ríkà ní àfi kí Ṣáínà náà bá wọn jókòó, Ṣáínà ní tòun ò tó tiwọn. Òótọ́ ni, kò tó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pọ̀ sí i kíákíá. Kí àwọn méjì tó ní èyí tó pọ̀ jù kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ná.

Nàìjíríà lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbí yìí. Nígbà tí Faransé ń yin bọ́ǹbù ẹ̀ wò ní Reggane nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, Balewa lé aṣojú wọn lọ ní January 1961, òmìnira wa ò tíì pé oṣù mẹ́rin nígbà yẹn o. Ní 2018, a kó uranium alágbára, èyí tó ṣeé fi ṣe bọ́ǹbù núkílíà, tó wà ní ABU Zaria padà sí Ṣáínà, a fi èyí tí ò ṣeé fi ṣe bọ́ǹbù rọ́pò ẹ̀. August 6, 2020, tí bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima ní Japan pé ọdún 75, lọ́jọ́ yẹn gan-an la fòǹtẹ̀ lu àdéhùn tó ka bọ́ǹbù yìí léèwọ̀ pátápátá, èyí tá a ti fọwọ́ sí ní 2017.

Ẹnu ọ̀hún wá dà báyìí? Kí mínísítà wa pe aṣojú Amẹ́ríkà àti ti Rọ́ṣíà, kó sọ fún wọn pé kí wọ́n dá àyẹ̀wò yẹn padà, kódà bí wọn ò bá tíì fẹnu kò lórí iye. Àwọn aṣòfin Kwara tó wà l'Abuja náà lè gbé e dìde nílé ìgbìmọ̀, kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀.