Ẹ Kú Ewu Ìrìn Àjò, Àlàájà

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ní Ẹ̀pẹ́ ń pe Florence, ìlú kan ní Ítálì, ní "Firenze", ẹ má wulẹ̀ bi í níbi tó ti dé. Yóò sọ fún yín kó tó jókòó.

Dubai ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti ra góòlù dé láti ibẹ̀, ó parí. Wọ́n ti ní ọjà lásán nìyẹn, àwọn ọ̀làjú ti kọjá ibẹ̀. Ohun tó wà lóde báyìí ni "ìrìn àjò ẹ̀kọ́". Èèyàn méjìlá péré, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀mọ̀wé kan á ṣíwájú, á na agboòrùn pupa sókè, àwọn yòókù á ki nǹkan bọ etí láti máa gbọ́ àlàyé rẹ̀, wọ́n á wá máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Àlàájà wa kan ní Òkè Bàlógun bá wọn lọ sí Ítálì lọ́dún yìí. Owó físà nìkan, 90 yúrò, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá ní rárá. Àjọ mẹ́ta ló kó kí ìwé báńkì rẹ̀ tó sanra.

Sátidé tó kọjá ló pè wá wá jẹun. Kí a tó fọwọ́ kan ìrẹsì, ó ti ń yọ àwòrán sára ògiri. Ó dé fìlà nínú ilé, ó ta ìborùn onírun mọ́rùn, ooru Ẹ̀pẹ́ sì ń fa àtíkè ojú rẹ̀ lọ sí àgbọ̀n.

Ó ní odi yí ìlú Lucca ká, kìlómítà mẹ́rin ó lé díẹ̀, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀. A kígbe. Ó ní ti Monteriggioni kò tó kìlómítà kan, ṣùgbọ́n ilé ìṣọ́ 14 ló wà lára rẹ̀, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú òun. A tún kígbe. Ẹnu ń yún mi. Erédò Súngbọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé wa níbí ńkọ́? Yàrà àti òkìtì amọ̀ tó tó 160 kìlómítà, tí ibòmíràn ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì, tí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Mo bi Àlàájà bóyá ó ti débẹ̀ rí.

"Inú igbó tí ejò pọ̀ sí yẹn?"

Ọkọ rẹ̀ húkọ́. Nígbà tí wọ́n ń kó yẹ̀pẹ̀ sí ìpìlẹ̀ ilé wọn tuntun, mo mọ ọ̀nà tí típà ń gbà bọ̀.

Ó kan eré ẹṣin Siena. Àdúgbò 17 ló wà nílùú yẹn, mẹ́wàá ló ń sáré lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í lo gàárì. Ṣé ó rí wọn? Rárá, oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń sá a, òun rí gbàgede tí wọ́n ti ń sá a. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹṣin ń jó lójú wa gbangba? Ó ní eruku kì í bá òun lára mu.

Ẹ wá gbọ́ ti ìgbèríko. Oko ni wọ́n sanwó lọ sùn. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: oko. Wọ́n tẹ́ àwọ̀n sábẹ́ igi ólífì, wọ́n fún Àlàájà ní nǹkan tó dà bí òòyà, ó sì ń fi ya ẹ̀ka igi kí èso rẹ̀ lè máa já bọ́ sórí àwọ̀n, láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Olóko kò fún un ní kọ́bọ̀, òun ló sanwó fún olóko. Lọ́dún tó kọjá, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó wá bá òun bẹ gbágùúdá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún nígbà náà.

Lálẹ́, wọ́n gbé ribollita fún wọn. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ahọ́n rẹ̀ lè yí dáadáa. Búrẹ́dì tó ti gan, ẹ̀wà funfun, ẹ̀fọ́. Wọ́n sè é lánàá, wọ́n tún gbé e kaná lónìí. Kódà, "a tún un sè" ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀.

Mo ní, "Àlàájà, ọbẹ̀ àná nìyẹn."

Ó ní, "Bọ̀dá, oúnjẹ àjogúnbá ni."

Ọmọ ọ̀dọ̀ kan ti di ẹrù kúrò nílé yẹn rí nítorí ẹ̀gúsí àná.

Nígbà tí a fi máa dìde, wọ́n ti ń kọ orúkọ fún ti ọdún tó ń bọ̀: Toledo àti Granada, ní Sípéènì. Wọ́n ti mú ankò tí wọ́n máa fi ya fọ́tò. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí a fi délé. Ó wọ kíṣìnnì, mo gbọ́ ariwo ìkòkò, ó sì gbé ìkókórẹ́ jáde, èyí tí a jẹ kù láàárọ̀ àná.

Mo ní, "Kí lèyí?"

"Ribollita ni, Bàbá Rẹ̀mí. Ẹ máa jẹ ẹ́."